Fìdítì Lónìí, Ìlọrà Lọ́la

Àmọ̀kẹ́ Òpó. Ọmọ Òpómúléró, ọmọ òpó tó róṣọ kí àwọn aláṣọ tó jí. Àmọ̀kẹ́ ọmọ Ìlọrà, ọmọ ilé tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Adúmáadán, eyín funfun bí ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. A-bínú-má-febi-pọkọ. A-fohùn-lásán-dá-mọ́tò-dúró, tó ń mú awakọ̀ ra ọsàn tí kò ní lọ́kàn láti rà. Ìyá àwọn ọmọ mi, ọ̀tá mi tí mo fẹ́ràn jù lọ láyé, sùn un re o.

Bí a bá yọ ti sùn un re kúrò, bí mo ṣe máa ń kì í láàárọ̀ nìyẹn nígbà tí àlàáfíà bá wà nílé. Nígbà tí kò bá sí, n óò kì í dé ìdajì, n óò sì dákẹ́, kó lè mọ̀ pé inú ń bí èmi náà.

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìwé tí mo kà kò kọjá ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kì í sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Mo mọ orúkọ awakọ̀ tó gbé ẹrù ìyàwó Àmọ̀kẹ́ wá láti Ìlọrà, mo sì mọ orúkọ tí awakọ̀ náà ń pe ajá rẹ̀. Síbẹ̀ n kò ní dárúkọ ẹnì kankan níbí. Fìdítì kò tóbi. Ẹni tí mo bá dárúkọ rẹ̀ yóò wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀ kùtù, á ní kì í ṣe bó ṣe rí nìyẹn, n óò sì tún máa wá ẹ̀kọ tí n óò fún un mu. Oríkì òun àti oríkì tèmi ti tó.

Orí kẹ̀kẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Àmọ̀kẹ́ níyàwó, kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń gbé e lọ sóko wa lọ́nà Akínmọ̀ọ́rìn, èmi níwájú, òun lẹ́yìn, agbọ̀n lórí itan rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, òjò ti rọ̀ mọ́jú, a já sínú kòtò kan, kẹ̀kẹ́ fò sókè, ó sì balẹ̀ láìsí Àmọ̀kẹ́ lẹ́yìn. Èmi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ń bá a sọ lọ́wọ́ dùn mọ́ mi lẹ́nu, mo sì rò pé ohun tó jẹ́ kó dákẹ́ ni pé ó gbà pẹ̀lú mi. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó gbà pẹ̀lú mi nìyẹn, kò sì sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i lókèèrè. Ó dúró sáàárín ọ̀nà, ẹrẹ̀ ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, agbọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí kẹ̀kẹ́ fi ṣubú lù mí. Àmọ̀kẹ́ fi etí aṣọ nu ẹrẹ̀ ojú rẹ̀. Ó yí padà, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, ó sì lọ bá ìyá mi ní ìdáná.

Ó ní, "Ìyá, ẹ gbọ́ o. Bí mo bá kú sílé yìí, ẹ má sin mí síbí. Ìlọrà ni kí ẹ gbé mi lọ. N kò lè dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Ìyá mi ní, "Ìyàwó, ta ló ń kú? O ò tíì bímọ kan ṣoṣo fún wa, ibojì lo ti ń pín."

Ìyá mi bá a sọ ọ́, bá a sọ ọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Àmọ̀kẹ́ tún lọ bá a ní ìdáná kan náà, ó kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ ibojì yẹn, mo ti dá a padà sí Fìdítì."

Láti ìgbà náà ni ibojì Àmọ̀kẹ́ ti ń rìnrìn àjò. Bí a bá jà, ó kọjá sí Ìlọrà. Bí a bá parí rẹ̀, ó padà sí Fìdítì. Kò sí ọkọ̀ èrò kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió tó lọ bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn tó ibojì ìyàwó mi.

Àwọn ọmọ wa kò fi ẹ̀rù gbà á, torí inú rẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí. Nígbà tí fóònù dé, àkọ́bí wa obìnrin, tó ń gbé n'Íbàdàn, kì í béèrè pé ṣé dáadáa la wà. Ohun tó ń béèrè ni, "Màámi, níbo ni ibojì yín wà lónìí?"

Bí ìyá rẹ̀ bá ní, "Fìdítì ni," á ní, "Alihamudulilai," á sì máa sọ̀rọ̀ ọmọ. Bí ó bá ní, "Ìlọrà ni," á ní, "Háà, kí ni Bàbá tún ṣe?" Kò sí ìgbà kan tó béèrè pé kí ni Màámi ṣe. Mo ti ṣe àkíyèsí ìyẹn tipẹ́, mo kàn ń mú un mọ́ra ni.

Bí Àmọ̀kẹ́ bá ń bínú, kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. A kì í sábà ṣàìní ewúrẹ́ nílé wa, torí òun ni aṣojú láàárín wa. Ìyá ewúrẹ́ ṣe é, ọmọ ewúrẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọdún tí olè jí ewúrẹ́ wa, odó ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn, ó ní odó kì í mi orí.

Á ní, "Ewúrẹ́, bá mi bi bàbá yìí pé ṣé òun ló ni ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù."

Èmi náà á kọjú sí ewúrẹ́. "Ewúrẹ́, sọ fún un pé ẹsẹ̀ tèmi kọ́, ẹsẹ̀ tìrẹ ni."

"Ewúrẹ́, sọ fún un pé ẹsẹ̀ tìrẹ mẹ́rin ni. Méjì ni mo kà nílẹ̀."

Àlejò tí kò mọ̀ wá lè rò pé ewúrẹ́ ló ni ilé.

Kì í fi oúnjẹ jà. Ìyẹn kò sí nínú ìwà rẹ̀. Lọ́dún kan ibà dá mi dúbúlẹ̀ nígbà tí a wà lẹ́nu ìjà. Mo ti gbàgbé ohun tó fà á, òun náà ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè parí ohun tí òun kò mọ ìdí rẹ̀. Ó wẹ̀ mí, ó fún mi lóúnjẹ, ó fi aṣọ tútù lé iwájú orí mi. Ṣùgbọ́n kó tó lè sọ pé kí n lo oògùn, ó ní láti lọ fa ewúrẹ́ wọ inú yàrá. Ó dì í mú lọ́rùn létí bẹ́ẹ̀dì. "Ewúrẹ́, sọ fún un kó gbé e mì. Kó má fi pamọ́ sábẹ́ ahọ́n bíi ti àná." Mo gbé e mì. Ewúrẹ́ sì jẹ etí aṣọ ìbora mi. Odidi ọ̀sẹ̀ náà, Ìlọrà ni ibojì rẹ̀ wà.

Ẹ̀bẹ̀ kì í parí ìjà yẹn. Ẹ̀bùn kì í parí rẹ̀. Mo ti ra aṣọ rí, ó gbà á, ó wọ̀ ọ́ lọ sí Ìlọrà lọ ròyìn mi. Ọjọ́ tó bá wù ú ni yóò kàn yọ sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Àlàó, ẹ ti jẹun?"

Àlàó ni oríkì mi. Kò sí ẹni tó ń pè é mọ́ àfi òun, àwọn tó fi kì mí ní kékeré ti lọ tán. Bí ó bá ti pe Àlàó, ó parí. Gbogbo ilé ló mọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń gbé yàrá kejì, á pariwo láti inú ilé pé, "Ibojì ti dé láti Ìlọrà o! Ẹ bá wa kí i káàbọ̀!" Àmọ̀kẹ́ á sọ omi sí i lójú fèrèsé.

Àbúrò mi yìí ló ń di Fìdítì mú. Ẹni tó ń di Ìlọrà mú ni ẹ̀gbọ́n Àmọ̀kẹ́, ọkùnrin gíga kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, tó jẹ́ àgbà ilé wọn. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé níbi ìsọmọlórúkọ tàbí nígbà Iléyá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi á ní, "Ẹ̀yin àna wa, ẹ má kọ ebè sílẹ̀ o. Ìyàwó wa kì í ṣe iṣu."

Àna mi á ní, "A ò kọ ebè. Ọmọ wa la ń dúró dè."

Ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀ lẹ́nu wọn. Lọ́wọ́ tèmi, kì í ṣe ẹ̀rín pátápátá. Ẹ̀yìn yàrá wa ni mo fẹ́ ká wà, èmi àti òun, lábẹ́ igi ọsàn tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Mo ti fẹsẹ̀ wọn ibẹ̀. Ó gba ènìyàn méjì tí wọn kò bá sùn bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́. Ilé kan náà la ti gbé láti ìgbà tí a ti ní irun lórí, n kò mọ bí a ṣe ń sùn níbi tí kò sí ìró àtakò rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ibojì bá padà sí Fìdítì, mo máa ń gbàdúrà nínú ara mi pé bí ọ̀kan nínú wa yóò bá kú, kó jẹ́ lásìkò tí ó wà nílé.

Igi ọsàn yẹn náà ló dá ìjà tó kẹ́yìn sílẹ̀. Àkọ́bí wa gbé sólà wá láti Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí òrùlé kó lè máa gba oòrùn. Ó ní kí àwa arúgbó yé fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá ṣálúbàtà. Wọ́n so ó tán, iná kò dúró. Ọmọ tó so ó ní ọwọ́ igi ọsàn kan ló ń ṣíji bò ó. Àmọ̀kẹ́ wà ní ìsọ̀ rẹ̀ létí títì, ó ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó fún àwọn tó ń lọ sí Ọ̀yọ́. Mo mú àdá, mo gé ọwọ́ igi náà. Iná tàn. Inú mi dùn bí ọmọdé. Mo tan gílóòbù lọ́sàn-án gangan, mo jókòó sábẹ́ rẹ̀, mo ń retí ìyìn.

Ó wọlé. Ó gbé igbá ọsàn sọ̀.

"Ta ló gé ọwọ́ igi ọsàn mi?"

"Oòrùn ló ń wá ọ̀nà, mo là á fún un."

"Iná kí lẹ fẹ́ tàn? Kí lẹ fẹ́ rí lálẹ́ tí ẹ ò tíì rí látọjọ́ yìí?"

"Ojú rẹ ni."

"Ẹ ti rí i tó. Ó ti gbó. Ẹ bá jẹ́ kó wà nínú òkùnkùn tó mọ́ ọn lára."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yìí ni nǹkan tí ó ń pa mí láyé. Ó wò mí, ó sì kọjú sí ewúrẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti tán.

Lójú mi ló ti tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago. Fóònù rẹ̀ a máa pariwo, gbogbo ohun tí ẹni ọ̀hún bá sọ ni ará ilé ń gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣí àyè sílẹ̀."

"Kí ló tún ṣe fún ọ?"

"Ó gé mi lọ́wọ́."

"Lọ́wọ́? Àdá ni àbí ọ̀bẹ? Ṣé wọ́n ti gbé ọ dé ọsibítù?"

"Ọwọ́ igi ọsàn mi ni."

Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ bàtà sílẹ̀. Ó ní, "Àmọ̀kẹ́, mo ti wọ bàtà. Má tún pè mí báyẹn mọ́."

Ìjà náà wọ ọ̀sẹ̀ kejì. Ewúrẹ́ kò sinmi. Alaalẹ́ ni iná tuntun ń tàn, a sì ń wo ara wa kedere, a kò sọ̀rọ̀. Mo rí i pé ó ti rù lọ́rùn díẹ̀. Mo fẹ́ bi í pé ṣé ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti fi irú ìbéèrè yẹn rán ewúrẹ́. Mo rán an, síbẹ̀. Ó ní kí ewúrẹ́ sọ fún mi pé ara ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ ṣe máa yá?

Ó di àárọ̀ Jímọ̀ kan. Ó kí ìrun àsùbáà, ó gbálẹ̀, ó po ẹ̀kọ gbígbóná. Lẹ́yìn náà ó gbé àtẹ ẹ̀gúsí, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi ọsàn, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń bó o. Mo jáde.

Ó ní, "Ewúrẹ́, sọ fún bàbá yìí pé ẹ̀kọ rẹ̀ wà lábẹ́ àwo. Kó má jẹ́ kó tutù. Bí ó bá tutù, yóò ní èmi ni."

Mo gbé ẹ̀kọ mi, mo lọ jókòó síwájú díẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Ìjà ní ìlànà tirẹ̀, ẹni tí wọ́n bá ń bá jà kì í kọjú sí ẹni tó gbé oúnjẹ fún un. Mo ń mu ún, mo ń fa á ní ariwo kó lè gbọ́ pé mo ń jẹ̀gbádùn láìdúpẹ́. Mo ní, "Ewúrẹ́, sọ fún un pé ṣúgà rẹ̀ kò tó." Kò fèsì. Mo ní nínú ara mi pé, hẹn, ó ti ga sí i lónìí, kódà ewúrẹ́ kò rí ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Mo mu ẹ̀kọ tán. Mo dìde, mo fọ àwo fúnra mi, mo sì rọra ṣe é kó lè rí mi. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Kò dáhùn. Mo ní, "Ewúrẹ́, bá mi bi í pé ṣé etí ló ń dùn ún." N kò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀, ewúrẹ́ ni mo ń wò. Ewúrẹ́ kò wò mí. Ó ti ki ẹnu bọ inú àtẹ tó wà lórí itan Àmọ̀kẹ́, ó ń jẹ ẹ̀gúsí ní ìrọ̀rùn, Àmọ̀kẹ́ kò sì lé e.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Obìnrin tí ewúrẹ́ kò lè jẹ ẹyọ ẹ̀gúsí kan lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé ilé mi. Mo ti rò pé ìjà ni. Mo ti jókòó tì í, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń ráhùn ṣúgà fún un, ó ti lọ.

Mo pè é. Mo kì í délẹ̀, n kò dá a sí ìdajì. Àbúrò mi ló gbọ́ ohùn mi tó sáré jáde, ó rò pé a ti parí ìjà ni, ó ti la ẹnu láti pariwo pé ibojì ti dé. Ó rí i, ó sì pa ẹnu náà dé.

A tẹ Ìlọrà láago. A tẹ Ìbàdàn láago. Àwọn ìyàwó ilé gbé e wọlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi tí wọn yóò fi wẹ̀ ẹ́ kaná. Láàárín ìyẹn ni mo gbọ́ tí ṣọ́bìrì ń ró lẹ́yìn yàrá wa. Àbúrò mi kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ti bọ́ sínú kòtò, ó ń gbẹ́.

Kí oòrùn tó mú, àwọn ará Ìlọrà ti dé pẹ̀lú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí ilẹ̀ pupa tútù lára bàtà rẹ̀. Òun náà ti gbẹ́.

Ó ní, "Àna, ẹ kú àfẹ́kù."

Mo ní, "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àna mi."

"Ẹ jẹ́ ká rí ọmọ wa, ká lè máa gbé e lọ."

Àbúrò mi jáde láti ẹ̀yìn ilé, yẹ̀pẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. "Ẹ gbé e lọ síbo?"

"Síbi tó ní ká gbé òun lọ."

"Kòtò ti wà níbí."

"Tiwa náà ti wà. Ó jìn ju tiyín lọ."

"Ẹ ti wọ̀n ọ́n ni? Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí tiwa!"

Mo yí orí láti wo Àmọ̀kẹ́, kí n lè rí bí ẹ̀rín ṣe ń gùn ún. Ìgbà yẹn ni mo tún rántí.

Lèmọ́mù àdúgbò wa, tó ti wá jókòó sórí àga láti ìgbà tí a ti ránṣẹ́ pè é, fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run, òkú kì í dúró de ìpàdé. Jímọ̀ lónìí. Ẹ bá mi sọ ibi tí a ń lọ."

Àna mi jókòó. Ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Kò le. Gbogbo wa la mọ òfin rẹ̀. Bí ó bá ń jà, tiwa ni. Bí ó bá ti parí, tiyín ni. Àna, ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀. Nígbà tó fi lọ, ṣé ẹ ti parí rẹ̀?"

Gbogbo ilé kọjú sí mi. Àkọ́bí wa ti dé láti Ìbàdàn nígbà náà, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Àbúrò mi dúró lẹ́yìn àna mi, ó ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n sọ pé a ti parí. Ojú kan ṣoṣo ló fi ń ṣẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò rí i.

Mo ní, "Ó sọ̀rọ̀."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní ẹ̀kọ mi wà lábẹ́ àwo, kí n má jẹ́ kó tutù."

Àbúrò mi pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́! Ta ló ń ro ti ẹ̀kọ ẹni tí inú ń bí i sí? Ó parí. Fìdítì ni!"

Àna mi ní, "Dúró ná. Àna, ta ló bá sọ̀rọ̀?"

Mo wo ilẹ̀. "Ewúrẹ́ ni."

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀ tán.

Àbúrò mi ní, "Ewúrẹ́ tàbí ènìyàn, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Lèmọ́mù, ẹ sọ nǹkan kan!"

Lèmọ́mù ní, "Èmi? Kò sí ibi tí mo ti kà á nínú kéwú. Ẹ fi mí sílẹ̀ fún ìrun."

Àna mi ní, "Nígbà tí ibà dá ọkọ rẹ̀ dúbúlẹ̀, ta ló fi rán oògùn? Ewúrẹ́ náà ni. Ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó sì tẹ̀ mí láago láti ìdí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pé kí n má tíì dí àyè òun. Arábìnrin mi kò fi ebi pa ẹni tó ń bá jà rí."

Ọmọ mi gbé ojú sókè. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá, ṣé Màámi pè yín ní Àlàó?"

Àbúrò mi pàápàá kò ṣẹ́jú mọ́.

Mo ro irọ́ náà dáadáa. Ó dùn lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: ó pè mí. Wọn yóò gbà á gbọ́, wọn yóò gbé e lọ sẹ́yìn yàrá, n óò sì máa gbọ́ ẹyẹ lórí igi ọsàn rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì mi títí ọjọ́ tí èmi náà yóò bá a. Ṣùgbọ́n mo mọ Àmọ̀kẹ́. Bí mo bá fi irọ́ tẹ́ ẹ síbẹ̀, tí mo wá dé bá a níkẹyìn, inú yóò bí i sí mi, kò sì sí ewúrẹ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí yóò bá wa jíṣẹ́.

Mo ní, "Kò pè mí."

Àna mi dìde, ó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Àbúrò mi ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó lọ kọ ojú sí ògiri.

Ó ku kòtò tiwa. Ní ilẹ̀ wa, a kì í gbẹ́ kòtò òkú ká fi í sílẹ̀ lófìfo, kó má baà máa ya ẹnu de ẹlòmíràn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ la máa ń gé sínú rẹ̀. Àbúrò mi gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó gùn tó ènìyàn, ó sì sanra díẹ̀ ju Àmọ̀kẹ́ lọ. Lèmọ́mù ní òun kò rí wọn o, ó yí àga rẹ̀ sí ojú títì. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀.

Àbúrò mi bi mí láti inú kòtò pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká kọ ojú rẹ̀ sí ìlà oòrùn ni?"

Mo ní, "Èwo ni ojú rẹ̀?"

A jọ rẹ́rìn-ín, èmi lókè, òun nísàlẹ̀, omi ń dà lójú wa. Mo wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó sùn síbi tó yẹ kí ìyàwó mi sùn. Kò bá mi jà, kò sọ̀rọ̀ sí mi, kò bínú. Irú ìyàwó tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ti máa ń ní kí n lọ fẹ́ nìyẹn. Mo ní kí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Inú bọ́ọ̀sì tí a fi gbé e lọ, ẹ̀gbẹ́ àna mi ni mo jókòó sí. Mo bi í pé, "Ẹ̀yin àna mi, ṣé àyè ṣì wà ní àgbàlá yín?"

"Fún ta?"

"Fún mi."

Ó yí ọrùn, ó wò mí. "Àna, ọkùnrin kì í tẹ̀lé ìyàwó lọ sílé bàbá ìyàwó. Kí ni ilé yín yóò wí?"

"Wọn yóò wí púpọ̀. N kò ní gbọ́."

A kọjá Akínmọ̀ọ́rìn. Mo ti rò pé ó ti sùn. Ó wá ní, "Ẹ má tíì yára. Ṣùgbọ́n n óò sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má kọ́ nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀."

Lèmọ́mù tiwọn ló kírun sí i lára. Àwọn ọmọkùnrin ilé wọn gbà á sínú kòtò. Kòtò náà jìn ju tiwa lọ lóòótọ́. Mo bu yẹ̀pẹ̀ lé e, lẹ́yìn mi ni àkọ́bí wa bu tirẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n Àmọ̀kẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. A sin ín sí àgbàlá bàbá rẹ̀ ní Ìlọrà.